Ooru Ló Ń Pa Ẹnu Irin

Ọ̀rọ̀ orí rédíò fún àwọn oníṣẹ́ irin

Bí ẹ̀rọ bá ń ké lọ́wọ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á díẹ̀, torí ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ tòní ń bá wí. Irin tí ń gé irin la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: mẹ́ṣì tí a fi ń lu ihò, ọ̀bẹ túù, ṣíṣẹ́lì, ayùn, àti bí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ṣe lè máa pọ́n wọn fúnra rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Láti 1889 tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ti fa ààlà la ilẹ̀ Kétu kọjá, ohun tí àwa ní Kétu ń pè ní mẹ́ṣì, bíìtì ni wọ́n ń pè é ní Ìmẹ̀kọ, ní òdìkejì ààlà. Túù tiwa, léètì ni lọ́dọ̀ tiwọn. Mẹ́ṣì àti túù ni màá máa pè wọ́n. Irin ọ̀hún kò kúkú mọ ààlà.

Agbègbè Kétu àti Pobè yìí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá púpọ̀. Ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Onígbólò, nínú ilẹ̀ Pobè; ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922 sì wà ní Pobè fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ irú ìyẹn kúrò, ẹ̀rọ àwọn ìyá wa ló kù: ẹ̀rọ tí ń rin gbáàgúdá fún gààrí, ẹ̀rọ tí ń fún epo, ẹ̀rọ tí ń lọ àgbàdo. Bí ọ̀pá irin inú ẹ̀rọ gààrí bá dá lọ́sàn-án, gbáàgúdá tí wọ́n ti bó sílẹ̀ kò ní dúró de ẹnikẹ́ni, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa rà. Ẹni tó ní túù àtijọ́ kan lábẹ́ páànù ni wọ́n máa sáré lọ bá, kó yí ọ̀pá míràn, kó lu ihò sí i, kó tó di alẹ́. Bí mẹ́ṣì ẹni yẹn bá kú lọ́jọ́ náà, àwọn obìnrin tó ń din gààrí ló ń jìyà rẹ̀.

Nínú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní ṣàì rí agolo mílíìkì kan tó kún fún mẹ́ṣì tí kò mú mọ́. Ẹni tó ni ín á sọ fún yín pé ọjà ìsinsìnyí kò dára, pé wọ́n ń fi páńda tà á fún wa. Òótọ́ wà nínú rẹ̀, màá sì dé orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú agolo yẹn ló ṣì wúlò. Iṣẹ́ kọ́ ló pa wọ́n. Ooru ló pa wọ́n, ẹni tó sì mọ bí a ṣe ń lé ooru jìnnà sí ẹnu irin ti mọ ìdajì iṣẹ́ pípọ́n.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹnu mẹ́ṣì bá mú, gígé ló ń gé irin. Fọ́nrán irin tó gé á máa lọ́ jáde, á sì máa kó èyí tó pọ̀ jù nínú ooru náà lọ. Nígbà tí ẹnu bá kú díẹ̀, kò gé mọ́, ó ń ha irin lára ni. Oníṣẹ́ á wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ooru á gùn sí i, igun òde mẹ́ṣì, níbi tó ti ń sáré jù, á yí padà di àwọ̀ aró, á rọ̀, á sì jẹ. Ohun tí òkúta ìpọ́nrin ì bá tún ṣe ní wéréwéré ti wá di ohun tí a ní láti lọ mìlímítà mélòó kan kúrò lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ń pọ́n irin rẹ̀ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kú ni kì í náwó. Ẹni tó dúró títí èéfín fi rú ti ná tirẹ̀ tán.

Irin tí a fi ń gé irin kì í ṣe irú kan náà. Èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ̀ jù ni irin kábọ́ọ̀nù: ayùn, ṣíṣẹ́lì, sípíríǹgì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń rọ ọkọ́ àti àdá. Ó le dáadáa, ó sì ń mú dáadáa, ṣùgbọ́n tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 200, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ nìyẹn. Ní ìpàtẹ ńlá tó wáyé ní Paris ní 1900, wọ́n gbé ọ̀bẹ túù kan jáde tó jẹ́ iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Frederick Taylor àti Maunsel White. Ẹnu ọ̀bẹ náà ti gbóná dójú pípọ́n, ó sì ń gé irin lọ, kò rọ̀. Ọmọ irin yẹn ni mẹ́ṣì tí ẹ ń rí lónìí tí wọ́n kọ HSS sí lára. Ó lè fara da ooru tó tó dígírì 600. Ẹ̀kẹta ni kábáìdì, tí ilé-iṣẹ́ Krupp ní Jámánì gbé wọ ọjà ní nǹkan bí 1927 lábẹ́ orúkọ Widia. Ó le ju méjèèjì lọ, ooru kì í tètè mú un, àmọ́ bí nǹkan bá kọlù ú, ó ń fọ́ ni.

Báwo lẹ ṣe máa mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín? Ẹ fi kan òkúta tó ń yí díẹ̀, kí ẹ wo iná tó ń ta. Iná irin kábọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, ó fẹ́ẹ̀ funfun, ó sì ń ya ẹ̀ka púpọ̀ bó ṣe ń fò lọ. Iná HSS pupa, ó ṣókùnkùn, ẹ̀ka rẹ̀ kò tó nǹkan. Ibi tí ìdánwò yìí ti wúlò jù ni ọjà. Mẹ́ṣì aláwọ̀ wúrà pọ̀ lórí àtẹ báyìí. Àwọ̀ yẹn lè jẹ́ èèpo titanium nitride gidi tí ń dáàbò bo irin, ó sì lè jẹ́ ẹ̀tàn lásán lórí irin yẹpẹrẹ. Ojú kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ ra ẹyọ kan, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan òkúta. Bí iná funfun bá ń ya ẹ̀ka, ẹ má padà lọ ra ìyókù. Mẹ́ṣì HSS gidi kan tí ẹ ń pọ́n títí yóò fi kúrú sàn ju odidi páálí ayédèrú lọ, bí iye rẹ̀ tilẹ̀ ń dunni lọ́jọ́ tí a rà á.

Ó kan òkúta. Ẹ̀rọ ìpọ́nrin tí mò ń sọ ni èyí tí a máa ń dè mọ́ tábìlì, tó ní òkúta kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Lórí iná mànàmáná 50 hertz tí a ń lò ní Bẹ̀nẹ̀, irú rẹ̀ sábà máa ń yí tó 2,850 ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta aláwọ̀ eérú tó bá a wá láti ilé-iṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Òkúta funfun ló tutù jù fún HSS, torí ojú rẹ̀ ń ṣí fúnra rẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Aláwọ̀ ewé, ti kábáìdì ni. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára: 36 ń lọ irin kíákíá ṣùgbọ́n ó ń fi ojú ṣákaṣàka sílẹ̀, 60 tàbí 80 ló yẹ fún mẹ́ṣì.

Mo ti rí òkúta tí kò tíì bàjẹ́ tí wọ́n ní ó ti parí. Ojú rẹ̀ ń dán ni. Òkúta tí ojú rẹ̀ ń dán kò lọ irin mọ́, ó ń sè é ni. Ẹ ní láti gé ojú yẹn kúrò kí èyí tó mú lábẹ́ rẹ̀ lè jáde. Irinṣẹ́ wà fún un, tó ní àwọn kẹ̀kẹ́ irin kékeré tó ní eyín. Ẹni tí kò bá ní in lè mú àfọ́kù òkúta aláwọ̀ ewé, kó gbé e lé orí ìgbọ́wọ́lé ẹ̀rọ, kó máa rọra fi kan ojú òkúta náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Ẹ má sì ṣe lọ alumíníọ́mù lórí rẹ̀, tàbí igi. Wọ́n á dí i lójú, ooru á sì padà dé.

Ẹ fi agolo omi sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Fún irin kábọ́ọ̀nù, ẹ máa tì í bọ omi lemọ́lemọ́, torí àwọ̀ ìyeyè tó bá yọ lẹ́nu rẹ̀, ìkìlọ̀ ni, àwọ̀ aró sì ni òkú rẹ̀. HSS kò tètè kú bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná gan-an, ẹ má ṣe jù ú sómi lójijì, ó lè là wẹ́wẹ́ níbi tí ojú kò ti rí i. Ẹ tì í bọ omi kó tó gbóná, tàbí kí ẹ fi sílẹ̀ kí atẹ́gùn tù ú. Ọwọ́ yín ni òṣùwọ̀n. Ẹ má wọ ìbọ̀wọ́ nídìí òkúta tó ń yí, ó lè fa ọwọ́ wọlé. Lọ́nà kejì, ọwọ́ tó wà lásán ló ń sọ fún yín pé irin ti gbóná tó.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú mẹ́ṣì. Ibí yìí ni màá ti pẹ́ jù, torí ẹni tó bá lè pọ́n mẹ́ṣì lọ́wọ́ lásán, kò sí ohun tó kù tí yóò le fún un.

Mẹ́ṣì ní ẹnu méjì tó kọjú síra. Igun tó wà láàárín méjèèjì, dígírì 118 ni ti mẹ́ṣì tí a fi ń lu irin tí kò le jù. Èyí tí wọ́n ṣe fún irin líle máa ń jẹ́ 135. Ohun mẹ́ta lẹ ń wá. Kí ẹnu méjèèjì gùn bákan náà. Kí wọ́n rọ̀ sílẹ̀ bákan náà. Kí gìgísẹ̀, ìyẹn ẹ̀yìn ẹnu náà, lọ sílẹ̀ ju ẹnu fúnra rẹ̀ lọ ní nǹkan bí dígírì 8 sí 12. Bí gìgísẹ̀ bá ga ju ẹnu lọ, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ mẹ́ṣì náà tó, kò ní gé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń jókòó sórí irin. Ìyẹn ló ń ya àwọn ọmọṣẹ́ lẹ́nu: ó ń dán yanran, ó mú lójú, síbẹ̀ kò wọlé.

Kò sí ìdí láti ra òṣùwọ̀n igun. Ẹ wá nọ́ọ̀tì méjì tó dọ́gba, onígun mẹ́fà. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ wọn lẹ ara wọn, kí ẹ jó wọn pọ̀. Igun tó ṣí sílẹ̀ níbi tí méjèèjì ti pàdé, dígírì 120 ni, torí igun nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan jẹ́ 120, odidi àyíká sì jẹ́ 360. Dígírì méjì tó fi ju 118 lọ kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ti orí mẹ́ṣì bọ inú àlàfo yẹn, kí ẹ gbé e sókè kọjú sí ìmọ́lẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà kọjá ni kò tíì pé. Mo rò pé nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, nọ́ọ̀tì méjì yìí ló máa wúlò fún yín jù.

Ní ti ọwọ́, ẹ gbé ìka òsì lé orí ìgbọ́wọ́lé ẹ̀rọ, kí mẹ́ṣì sinmi lé e. Ẹ jẹ́ kí ẹnu tí ẹ fẹ́ pọ́n tẹ́jú gbalaja níwájú òkúta, kí ara mẹ́ṣì sì dagun sí ojú òkúta ní nǹkan bí dígírì 59, ìdajì 118. Ẹ fi ẹnu náà kan òkúta, kí ẹ wá rọra rẹ ìdí mẹ́ṣì sílẹ̀ kí òkúta lè tọ̀ ọ́ láti ẹnu lọ sí gìgísẹ̀. Rírẹ̀ sílẹ̀ ni o, ẹ má gbé ìdí rẹ̀ sókè, torí gìgísẹ̀ ló máa fi ga. Ẹ yí i, kí ẹ ṣe ẹnu kejì bákan náà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ má pọ́n ọ̀kan parí kí ẹ tó bọ́ sí èkejì. Ẹni tó ń kọ́ ọ, kó pa ẹ̀rọ, kó mú mẹ́ṣì tuntun tó nípọn, kó fi ṣe é lójú òkúta tó dúró títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà.

Mẹ́ṣì fúnra rẹ̀ á jẹ́rìí. Ẹ fi lu àfọ́kù irin. Bí fọ́nrán méjì bá ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí wọ́n dọ́gba, iṣẹ́ yín dára. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ló ń jáde, ẹnu kan ló ń ṣiṣẹ́, èkejì ń wò ó níran. Bí ihò bá fẹ̀ ju mẹ́ṣì lọ, ẹnu kan gùn ju èkejì. Bó bá ń ké, tó ń rú èéfín, ẹ padà wo gìgísẹ̀.

Ohun kan kù lórí mẹ́ṣì tó ti kúrú. Àárín mẹ́ṣì ń nípọn sí i bí a bá ṣe ń lọ sí ìdí rẹ̀, nítorí náà bẹ́ ẹ ṣe ń pọ́n ọn tó ń kúrú, ibi tí kò ní ẹnu ní ṣóńṣó orí rẹ̀ ń fẹ̀ ni. Ibi yẹn kì í gé, ńṣe ló ń ti irin sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló sì ń gba agbára jù. Fún mẹ́ṣì tó bá ju mìlímítà 10 lọ, ẹ fi igun òkúta gé e tín-ín-rín lápá méjèèjì. Ọ̀pọ̀ mẹ́ṣì tí wọ́n ní ó ti kúrú jù, èyí ló ń dà á láàmú.

Bí ẹ bá pọ́n ọn tán tí ẹ tún lọ fi sáré pa á, a kò tíì ṣe nǹkan kan. Fún irin lásán, mẹ́ṣì HSS mìlímítà 5 lè yí tó 1,600 ní ìṣẹ́jú kan. Mìlímítà 10, nǹkan bí 800. Mìlímítà 20, nǹkan bí 400. Bó bá ṣe nípọn tó ló ṣe yẹ kó rọra tó. Ẹ̀rọ ìlu-ihò ọlọ́wọ́ tó ń yí súnmọ́ 3,000, tí wọ́n fi mẹ́ṣì mìlímítà 12 sí lẹ́nu, tí wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ dé òpin: ìyẹn gan-an ni iléeṣẹ́ tó ń ṣe àwọ̀ aró.

Ẹ fi òróró sí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ ti ìlú òyìnbó. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Yunifásítì Èkó tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fi òróró ẹ̀pà, àdín, òróró àgbọn àti òrí dán gígé irin lórí túù wò. Èsì rẹ̀ yàtọ̀ láti irin dé irin, ṣùgbọ́n òróró ẹ̀pà àti àdín ló ṣe dáadáa jù. Ti àgbọn ló gbẹ̀yìn. Àwa tí àdín kò wọ́n lọ́dọ̀ wa, kí la tún ń wá kiri? Àléébù rẹ̀ ni pé ó máa ń dì, ó sì máa ń rùn tó bá pẹ́, nítorí náà ẹ nu ẹ̀rọ yín mọ́ nírọ̀lẹ́. Irin dídà tí ń rún wẹ́wẹ́ àti idẹ kò fẹ́ òróró, gbígbẹ ni kí ẹ lu wọ́n. Ti idẹ tún yàtọ̀: ẹnu tó dagun máa ń gbá a mú lójijì, á sì fa iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ fi òkúta ọwọ́ pa ẹnu mẹ́ṣì náà tẹ́jú díẹ̀ kí ẹ tó fi lu idẹ.

Ọ̀bẹ túù rọrùn ju mẹ́ṣì lọ, nítorí ẹnu kan ló ní. Ẹni tó ní ọ̀pá HSS onígun mẹ́rin mìlímítà 10 ní ohun tó máa lò fún ọdún pípẹ́, torí kìkì ẹnu rẹ̀ la ń lọ. Abẹ́ ẹnu náà gbọ́dọ̀ sá sẹ́yìn ní dígírì 8 sí 10, níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má baà fara nu iṣẹ́. Fún irin lásán, orí rẹ̀ á rọ sẹ́yìn ní dígírì 12 sí 15. Fún idẹ, ẹ jẹ́ kó tẹ́jú pátápátá. Ẹ pa ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀ kó má ṣe rí ganran, torí ṣóńṣó tó mú jù ló ń kọ́kọ́ jó. Lẹ́yìn òkúta ẹ̀rọ, ẹ kán òróró sórí òkúta ìpọ́nbẹ, kí ẹ fi ha ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó kan. Àwọn tó ń fojú tín-ín-rín ìgbésẹ̀ kékeré yìí kò mọ̀ pé òun ló ń jẹ́ kí ẹnu pẹ́. Láàárín iṣẹ́, ẹ tún máa fi òkúta ọwọ́ náà tọ́ ọ láìyọ ọ́ kúrò lórí túù, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa wá padà sídìí ẹ̀rọ.

Kábáìdì tí wọ́n jó mọ́ orí irin, irú èyí tó pọ̀ nínú àwọn ẹrù àlòkù tó ń gba Kútọ́nù wọlé, ní òfin tirẹ̀. Òkúta eérú kò lè mú un, yóò kàn jẹ òkúta náà tán ni. Òkúta aláwọ̀ ewé ń lọ ọ́. Òkúta dáyámọ́ǹdì ló dára jù, ó sì ti dínwó ju ti àtijọ́ lọ. Irin tó wà lábẹ́ kábáìdì ni kí ẹ kọ́kọ́ fi òkúta lásán gé kúrò lọ́nà, kí dáyámọ́ǹdì má baà kan irin, torí irin gbígbóná máa ń jẹ dáyámọ́ǹdì. Omi ńkọ́? Bí ẹ̀rọ yín bá ní omi tó ń ṣàn láìdáwọ́ dúró, ó dára. Bí kò bá ní, ẹ má fi omi kàn án rárá. Kábáìdì gbígbóná tó bá kan omi tútù, ó là nìyẹn. Ẹ ṣe é níta gbangba, kí ẹ bo imú yín dáadáa. Kóbáàtì wà nínú eruku rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á yà sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ. Ṣíṣẹ́lì tí a fi ń gé irin kò fẹ́ ju igun bíi dígírì 60 lọ, òkúta lásán sì tó o. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ bá ti rọ̀ tàbí tó ti ya, òkúta kò ràn án mọ́, iná ni. Ẹ mú un gbóná títí mágínẹ́ẹ̀tì kò fi ní lè fà á mọ́. Èyí tó wà nínú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ tó fún un. Ẹ jẹ́ kó tún gbóná díẹ̀ sí i, kí ẹ ti ẹnu rẹ̀ bọ inú omi tàbí òróró. Ní báyìí ó le jù, ó lè fọ́. Ẹ ha ẹnu rẹ̀ mọ́ títí yóò fi dán, kí ẹ wá fi iná sí i láti ẹ̀yìn, jìnnà sí ẹnu. Àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ wá sí ẹnu: ìyeyè ní nǹkan bí dígírì 230, lẹ́yìn náà àwọ̀ ilẹ̀, elésè àlùkò ní nǹkan bí 280, aró ní 300. Fún ṣíṣẹ́lì, bí elésè àlùkò bá ti dé ẹnu, ẹ tì í bọ omi. Fún ọ̀bẹ tí kò ní gba òòlù, ẹ dá a dúró ní ìyeyè. Àwọn alágbẹ̀dẹ Kétu kò fi òṣùwọ̀n ooru kankan ṣe é, ojú wọn ló ń kà á, inú òjìji ni wọ́n sì ti ń ṣe é torí oòrùn ń tan ojú jẹ. Ìmọ̀ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ túù wa lọ kọ́ lọ́dọ̀ wọn dípò kí wọ́n máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ayùn tí a fi ń ha irin kì í sábà kú, dídí ló ń dí. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá eyín rẹ̀ mọ́, kí ẹ fi ẹfun pa á lára kí ẹ tó lò ó, èérún irin kò ní lè lẹ̀ mọ́ ọn. Bí ẹ bá ń dá a padà, ẹ gbé e kúrò lára iṣẹ́, torí síwájú nìkan ni eyín rẹ̀ kọjú sí. Àwọn kan máa ń rẹ èyí tó ti kú díẹ̀ sínú ọtí kíkan di ọjọ́ kejì, kí kíkan rẹ̀ jẹ eyín náà mú. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, kò sọ ọ́ di tuntun, ẹ sì ní láti fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ yá a lóòrùn kíákíá kó má dípẹtà. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn ń lo omi bátìrì ọkọ̀. Èmi ò ní kí ẹnikẹ́ni ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn irinṣẹ́ kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi àkókò yín ṣòfò lé lórí. Ayùn ọwọ́ tí a fi ń gé páìpù, tó bá kú, ẹ ra òmíràn. Fírésì tó ní eyín púpọ̀ yíká kò ṣeé fi ọwọ́ lásán pọ́n, torí bí eyín kan bá ga ju ìyókù, òun nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́ títí yóò fi kán. Ẹ gbé e fún ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń pín eyín dọ́gba.

Ààbò ńkọ́? Kí ẹ tó de òkúta tuntun mọ́ ẹ̀rọ, ẹ fi ìka gbé e rọ̀ láti ojú ihò rẹ̀, kí ẹ fi igi kàn án. Bó bá dún gooro, ó pé. Bó bá dún gbọ̀ọ̀, ó ti là, ẹ fọ́ ọ dànù kí ẹlòmíràn má baà mú un. Àlàfo láàárín òkúta àti ìgbọ́wọ́lé kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, irin kékeré á wọ ibẹ̀, á há, òkúta á sì fọ́. Ẹ dúró sí ẹ̀gbẹ́ nígbà tí ẹ bá tàn án. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni bí àwọn kan ṣe ń yọ ìbòrí gíráńdà ọlọ́wọ́ kékeré, kí wọ́n lè fi díìsìkì mìlímítà 230 sí i. Wọ́n ṣe díìsìkì yẹn fún yíyí bíi 6,600 ní ìṣẹ́jú kan. Gíráńdà kékeré ń yí tó 11,000. Bó bá tú ká, kò sẹ́ni tó máa rí i kó tó kàn án. Àwọn bàbá wa máa ń bọ Ògún kí wọ́n tó fọwọ́ kan irin, n kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n Ògún kò ní kí a má wọ gíláàsì ojú. Bí èérún irin bá sì wọ ojú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kì í ṣe omi ewé.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí parí sí lọ́dọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọṣẹ́ ló ń lo ọdún mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń gbálẹ̀, tó ń di irin mú, láì jẹ́ pé wọ́n gbà á láyè kó pọ́n mẹ́ṣì kan, torí ọ̀gá ń bẹ̀rù pé yóò bà á jẹ́. Yóò bà á jẹ́ lóòótọ́. Ẹ fún un ní èyí tí ẹ ti fẹ́ sọ nù, kó bà á jẹ́ kó tún un ṣe, kó jó nọ́ọ̀tì méjì tirẹ̀ pọ̀, kó máa fi yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò lójú yín. Kí ẹ tó tún ra mẹ́ṣì míràn lóṣù yìí, ẹ fi owó yẹn ra òkúta funfun kan.